Wọ́n Wọlé Lóru: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ìtàn Ẹ̀rù

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òǹkàwé kan ní Ìbàrà, Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án Sátidé kan tí òjò ń lu páànù. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Àwàdà àti èébú, n kò yọ wọ́n.)

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò. Ẹ ní kí n wá sọ èrò mi lórí àwọn ìwé ìpànìyàn, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé ẹ̀rù tí mo kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìyàwó mi ní kí n má gbàgbé láti sọ fún yín pé òun ti fòfin dè mí, n kò gbọdọ̀ kà wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dìde lọ yẹ ilẹ̀kùn wò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló ń ròyìn fún ọlọ́pàá lórí alẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kú: "Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo bu omi wá, mo lọ sùn." Èmi ni mo kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé kan tí mo ti ń kọ láti ọdún mẹ́rin, tí kò tíì fẹ́ parí. Ẹ fi í sápò ná.

Ohun tí mo máa ń sọ, tí àwọn tó mọ̀ mí sì ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, ni pé kò sí èdè tó rọrùn láti fi pààyàn nínú ìwé bíi Yorùbá. Ẹ wo òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ ká mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló pa olóògbé. Ìyà ń jẹ ẹ́. Á ní "ẹni náà", á ní "òjìji kan", á ní "ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú", á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá ńkọ́? "Ó wọlé, ó gún un, ó jáde." Akọ ni àbí abo? Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ọ. "Ó" ti bò ó láṣìírí láìgba kọ́bọ̀.

"Wọ́n" tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ padà sí ọmọ ọ̀dọ̀ mi. "Wọ́n wọlé." Ẹni mélòó? Ó lè jẹ́ adigunjalè mẹ́fà. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ọmọ náà ò lè pè ní "ó" láé, bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ fi kóńdó halẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló ń bo apànìyàn mọ́lẹ̀! (Ẹnìkan pariwo níbí pé, "Ìyá ọkọ ni!" Mo ní kó ṣe sùúrù.)

Ní 1929, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, ṣe òfin mẹ́wàá fún àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti fojú hàn níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Iwin àti ẹ̀mí àìrí ò gbọdọ̀ dá sí i. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú ilé ò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju pé kí òǹkọ̀wé má ṣe rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ká ní Knox gbọ́ Yorùbá ni, ì bá fi ìkọkànlá kún un, kó fòfin de "wọ́n".

Ọdún mẹ́ta ṣáájú òfin yẹn, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Agatha Christie, ti gbé ìwé The Murder of Roger Ackroyd jáde. Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó dití. Dókítà tó ń sọ ìtàn fún wa gan-an ló pa Ackroyd. Àwọn kan bínú nígbà náà pé ó rẹ́ àwọn jẹ. Irọ́ ni. Mo ra tèmi lọ́wọ́ onítókúnbọ̀ kan ní Kútò, ìkà kan sì ti fi bírò kọ orúkọ apànìyàn sí ojú ewé àkọ́kọ́! Mo fi ìbínú kà á, àfi bí mo ṣe rí i pé ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní agogo mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n mú lẹ́tà wọlé fún Ackroyd, agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun sì jáde. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Kò sọ. Kò purọ́, kò sì sọ. Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ọkọ̀ Láfẹ́nwá, mo gbàgbé láti sọ̀ níbi tí mò ń lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà (wọ́n mọ ara wọn, ọ̀kan wà níjòkòó ẹ̀yìn) tí wọ́n ń sọ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò lè gbé láwùjọ wa, torí babaláwo á ti dáfá, ìwé á ti parí ní ojú ewé kejì. Ọ̀gá mi, ṣé Ifá máa ń dárúkọ ni? Ẹsẹ ló ń fúnni, ẹni tó wá dáfá ló máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ta ló kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969? Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló sì ń tọpa ọ̀daràn níbẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé tó kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976, ọmọ Ayétòrò ni, ìpínlẹ̀ wa níbí. Ẹ lọ kàwé.

Alága ń fi aago hàn mí. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù, mo sì ṣì ní ojú ewé mẹ́rin lọ́wọ́.

My Sister, the Serial Killer ti Oyinkan Braithwaite, 2018, ní kíá: ẹni tó ń pààyàn ò pamọ́ rárá. Ayọ̀ọlá ló ń pa àwọn ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, Kọrẹdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé bílíìṣì wá. Àbúrò ń pa, ẹ̀gbọ́n ń nulẹ̀. (Gbogbo àkọ́bí inú ilé kérora.)

Ibẹ̀ ni bàbá kan níwájú gbé ọwọ́ sókè, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní: "Olùkọ́, o ti sọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ yẹn, ẹnu kì í bo nǹkan pẹ́. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan ní Ìtòkú lóru. Olóhun ò sọ fún ẹnì kankan, ó tilẹ̀kùn, ó wá bá wa tààrà. Bá a ṣe ń bá a padà lọ, aládùúgbò rẹ̀ kan pàdé wa lọ́nà, ó ní, 'Ẹ kú ọ̀fọ̀ o.' Mo ní, ọ̀fọ̀ kí ni?"

Ilé dákẹ́, kó tó di pé wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo ká ìwé mi. Tí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni. Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń wo bí èdè wa ṣe ń fi apànìyàn pamọ́, n kò wo bó ṣe ń tú u fó. Àwọn Christie ń wá ẹ̀rí nínú aago àti eérú sìgá. Tiwa wà nínú ìkíni. Ẹni tó ní "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ti mọ̀ pé àgbà ló kú. Ẹni tó ní "Ẹ kú ìrọ́jú" ti mọ nǹkan míì. Ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, tó wá dédé ń kí i lóòró láti ọjọ́ Túsìdeè, kí ló rí ní Mọ́ńdè? Mo ti sọ fún ara mi pé màá tún Owó Ẹ̀jẹ̀ kà. Ta ló ṣe é ni mo fi kà á tẹ́lẹ̀. Ìkíni ni màá máa ṣọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìtàn ẹ̀rù tó yẹ kó gba ìdajì àkókò mi wá gba ìṣẹ́jú méjì. Mo ka méjì lọ́dún yìí tí òkú inú wọn ju èèyàn tó lórúkọ lọ. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ garawa-garawa ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ti Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta yìí ní 1920. Nínú The Palm-Wine Drinkard, 1952, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà. Lọ́nà, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara rẹ̀ padà fún àwọn tó háyà wọn fún un, ó ń sanwó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku agbárí nìkan. Ó sanwó! Ká ní ó jí ẹsẹ̀ gbé ni, olè lásán ni ì bá jẹ́. Agbárí tí kì í jẹ gbèsè ni mo ń sá fún.

Alága gba máíìkì.

Bí a ṣe ń dúró de òjò lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ọlọ́pàá fà mí lápá. Wọ́n ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ inú ìwé rẹ yẹn, ife mélòó ló fi bu omi wá?"

N kò tíì kọ ọ́ síbẹ̀.