Ìràwọ̀ Inú Tábílẹ́ẹ̀tì

MỌJÍ: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa, gbogbo ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Èmi Mọjí ni, láti Lọ́ńdọ̀nù. Wálé ti padà sí Houston. Wálé, kú àbọ̀ o! Àwọn ará Àgbádárìgì ńkọ́?

WÁLÉ: Wọ́n wà, ẹ ṣé, Àǹtí Mọjí. Màmá ní kí n kí yín. Ṣé ẹ mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn? Mo ra tábílẹ́ẹ̀tì lọ fún un. Mo ti kó áàpù ìwé kíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì sí i láti ìhín, kó lè máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

MỌJÍ: Inú ẹ̀ á dùn gan-an.

WÁLÉ: Ọjọ́ méjì, kò gbé e sílẹ̀. Ìràwọ̀ tí áàpù náà fi ń yin ọmọ ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó tì í. Àǹtí, ọmọ yìí ò kàwé o! Àwòrán ló ń wò, èyí tó bá ṣáà wù ú ló ń tẹ̀. Tó bá ṣì í, á tẹ òmíràn, ìràwọ̀ á sì tún jáde.

MỌJÍ: Ó ti mọ ọ̀nà ìràwọ̀, kò tíì mọ ọ̀nà ìwé.

WÁLÉ: Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tó tiẹ̀ wá kà á sókè, tó sì tọ̀nà, áàpù náà ò gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó pe "three" bí gbogbo wa ṣe ń pè é nílé, áàpù ní kó tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ó da ojú tábílẹ́ẹ̀tì délẹ̀, ó lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja.

MỌJÍ: Áà, ọmọ mi! Wálé, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé níbí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé fẹ́ borí nǹkan. Kó fẹnu ara ẹ̀ pe lẹ́tà, kí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tipẹ́ sì jáde níbẹ̀. Ọmọ tó pe "ba", tó pe "ta", tó wá gbọ́ "bàtà", ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa wò, á bú sẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ wo ló tó ìyẹn?

WÁLÉ: Yorùbá sì gba ọmọ láyè. Lẹ́tà 25 péré, bí ẹ bá ti mọ ìró wọn, ẹ ti ń kà á nìyẹn. Ẹ wá wo "though" àti "tough".

MỌJÍ: Àwọn àgbà wa ti rí i tipẹ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

WÁLÉ: Ní Tanzania náà. Ìdíje Global Learning XPRIZE tó parí lọ́dún 2019, ìyẹn ìdíje àwọn tó ń ṣe áàpù tí ọmọ lè fi kọ́ ìwé fúnra ẹ̀, tábílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ tó tó 3,000 ní abúlé bí 170. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì dé ilé ìwé rí. Oòrùn ni wọ́n fi ń fún un níná, Swahili ló sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ gbọ́ èdè ilé ẹ̀ nínú ẹ̀rọ! Àgbádárìgì wa yìí, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwé sílẹ̀ láti 1843, ṣé ó yẹ kí ọmọ ibẹ̀ máa rò pé ohùn òun ò dáa?

MỌJÍ: Kò yẹ rárá. Kí lo wá ṣe?

WÁLÉ: Mo wa ìwé ìtàn Yorùbá lórí StoryWeaver, ìkànnì ìwé ìtàn ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni, mo kó wọn sínú tábílẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo wá ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, mo gba ohùn mi sílẹ̀. Á gbọ́ mi, á fìka tọ ọ̀rọ̀ náà, á kà á tẹ̀ lé mi. Nígbà tó yá, ó ní kí Màmá náà kà. Ẹ sì mọ̀ pé Ẹ̀gùn ni Màmá. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n fi Ẹ̀gùn sọ ìtàn náà, a gba ìyẹn náà sílẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀ o. Alaalẹ́ ló ń gbé e wá fún mi.

MỌJÍ: Torí ẹni tó mọ̀ ló ń bá a kà á.

WÁLÉ: Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, a wà nínú kẹ̀kẹ́, ó kàn pariwo: "E, ja. Ẹja! Bọ̀ọ̀dá, ẹja ni wọ́n ń tà níbẹ̀!" Wọn ò tiẹ̀ fi àmì sábẹ́ "e" yẹn lórí pátákó, òun fúnra ẹ̀ ló tún un ṣe. Gbogbo pátákó tó wà lọ́nà ló kà títí a fi dé gáréèjì.

MỌJÍ: Wò ó, omi ń bọ̀ lójú mi.

WÁLÉ: Ó pè mí lánàá, ó ní òun ti ka gbogbo ìtàn yẹn tán. Tá a bá ti kúrò lórí ètò yìí, mo fẹ́ lọ gba mẹ́ta míì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́dọ̀ wọn.