Ìrora Abẹ́ Ìhà Lára Ọ̀dọ́langba: Ṣé Ọ́sà Náà Ni?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìka yín lé ìhà ọ̀tún, níbi tí egungun ti tán tí ara ti rọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló wà lábẹ́ ibẹ̀, òróòro sì lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹ sún ìka náà wá sí àárín, lábẹ́ igbá àyà: ibẹ̀ ni ikùn tí oúnjẹ ń bọ́ sí wà. Ẹ sún un dé apá òsì. Ẹ̀yà ara kan fara pamọ́ síbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ. Spleen ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kó máa ṣa èyí tó ti gbó kúrò. Kíndìnrín méjèèjì wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fọwọ́ kàn án ni pé nílé wa, bí ọmọ ọdún 14 tàbí 16 bá ti ní "abẹ́ ìhà ń dùn mí", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu àgbà: "Ọ́sà ni. Ṣebí o kì í jẹun lásìkò." Wọ́n á rán an lọ sí kẹ́míìsì, á gba oògùn funfun olómi yẹn, ó parí. Nígbà míì, ọ́sà náà, ìyẹn ọgbẹ́ inú ikùn, ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun.

Nígbà míì, ìrora náà kò tiẹ̀ dé inú rárá. Iṣan àti egungun ni. Ọmọ tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lánàá, tó sì gbé e lápá kan torí pé ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Irú ìrora yìí máa ń ní ojú. Ẹ ní kó fi ìka kan tọ́ka sí i. Tí ẹ bá tẹ ibẹ̀, á fà sẹ́yìn, á ní "Yéè, mọ́mì, ibẹ̀ yẹn gan-an!" Bó bá yí ara tàbí tó mí kanlẹ̀, á tún gún un. Egungun ìhà 12 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá kò kan igbá àyà tààrà, egungun rírọ̀ ló so wọ́n kọ́ra. Nígbà míì ọ̀kan á yọ̀ lábẹ́ èkejì, á dún "kó". Fún iṣan tó fà, ìsinmi àti parasitamọ́ọ̀lù sábà máa ń tó.

Ó wá kan ọ́sà fúnra rẹ̀. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ tó ti wà níkùn máa ta ọmọ, àmọ́ òun kọ́ ló ń dá a. Nǹkan méjì ló sábà ń dá a: kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori, àti oògùn ìrora irú ibuprofen, diclofenac àti piroxicam. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oògùn yìí. Ọmọbìnrin ọdún 15 tí inú ń run nígbà nǹkan oṣù, tó ń ra piroxicam lẹ́yọ-lẹ́yọ, tó ń gbé e mì láìjẹun, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé torí ojú ń tì í, ó lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọgbẹ́ sínú. Bí ẹ bá fún un ní oògùn ọ́sà láàárọ̀, tó tún mu piroxicam lálẹ́, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Àárín, lábẹ́ igbá àyà, ni ìrora ọ́sà sábà ń wà, á máa jó bí iná. Bí ìgbẹ́ bá dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Apá ọ̀tún ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀ jù, pàápàá nílé tí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sickle cell, wà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ló jẹ́ AS, kò sí ẹbí tí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ AA ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ọmọ SS, bí ọjọ́ 10 sí 20 ni. Èyí tó bá fọ́, ẹ̀dọ̀ ló ń kó àwọ̀ inú rẹ̀ dà sínú òróòro. Bó bá pọ̀ jù, á dì, á di òkúta wẹ́wẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kóra jọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fara hàn bí ọmọ bá ti ń bàlágà. Ọmọ á jẹ dòdò olóróró lálẹ́, kò ní pẹ́ tí ìhà ọ̀tún á fi mú un, á gba ẹ̀yìn yọ sábẹ́ èjìká, á bì. Ojú rẹ̀ lè pọ́n bí ìyeyè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ilé á ní "crisis rẹ̀ ló tún dé", kò ní sẹ́ni tó wo òróòro. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà máa ń dun apá ọ̀tún yìí, ó sì ń mú ojú pọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti scan òróòro ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní apá òsì, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń mú spleen wú, jẹ̀funjẹ̀fun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Spleen tó bá wú kò fẹ́ ìfarapa rárá. Ọmọ tó ṣubú lórí ọ̀kadà, tàbí tí wọ́n fi eékún gbá lórí pápá, tí ìhà òsì wá ń dùn ún, tí orí èjìká òsì náà tún ń dùn ún bẹ́ẹ̀ kò fi èjìká gbá nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ibà, ikọ́ àti èémí tó ń yára: òtútù àyà ni kí ẹ rò. Ìrora lẹ́yìn ìhà, ibà, ìtọ̀ tó ń ta bí ata: kíndìnrín. Dókítà ló ni méjèèjì.

Bí wọ́n bá sì ní kí ọmọ wá ṣe scan òróòro, ebi ni kó gbé wá, wákàtí 6 sí 8 láìjẹun, torí pé bí oúnjẹ bá ti wọlé, òróòro á fún ara rẹ̀ gbẹ, òkúta inú rẹ̀ á ṣòro rí. Kó mu omi lásán bí wọ́n bá gbà á láyè, pàápàá ọmọ SS. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí pé kò jẹun lásìkò.