Ibi Tí Náítírójìn Ń Gbà Sá Lóko: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀, Dídára Irè Oko àti Gáàsì Tó Ń Mú Ayé Gbóná

Àwọn àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò ráàyè wá. Mo ti yọ ìkíni kúrò, mo sì fi méjì nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé àpò yúríà kan, fẹtiláísà oní-náítírójìn, kalẹ̀. Kílò 50 ni. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn, oúnjẹ tí irúgbìn fi ń dàgbà; ìyẹn jẹ́ kílò 23. Kílò 23 yìí gan-an lẹ san owó lé lórí. Mélòó nínú rẹ̀ ló wọnú àgbàdo?

Tí a bá wo gbogbo ayé, nǹkan bí ìdajì náítírójìn tí àgbẹ̀ ń kó sóko ni irúgbìn ń rí jẹ. Omi òjò ń wọ́ lára ìyókù lọ sínú odò, afẹ́fẹ́ sì ń gbé lára rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni èyí tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ ń gbà. Ọ̀kan ni amóníà. Bí ẹ bá wọ́n yúríà sórí ilẹ̀ gbalasa, tí ilẹ̀ náà tutù díẹ̀, tí oòrùn sì mú, tí òjò gidi kò wá rì í wọlẹ̀, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí òórùn kan á fi máa ta yín nímú bíi ti ilé ìtọ̀. Owó yín lẹ ń gbóòórùn yẹn.

Ọ̀nà kejì kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí. Bí òjò bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi dí gbogbo ihò inú ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ kò rí atẹ́gùn mí mọ́. Náítírójìn tó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n á kọjú sí, wọ́n á sì sọ apá kan rẹ̀ di gáàsì tó ń jẹ́ náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì. (Gáàsì kan náà ni àwọn dókítà ń fún aláìsàn fà símú kí ó má baà mọ ìrora.) Ó ń lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lófuurufú. Ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, IPCC, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 273 kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń jáde bí a bá sun igi tàbí epo.

Ẹ jẹ́ ká fi wé àpò wa. Ìṣirò tí ìgbìmọ̀ yìí gbé kalẹ̀ fún ibi tí kò sí ìwọ̀n tirẹ̀ ni pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn tí a bá kó sílẹ̀ ló ń di gáàsì yìí tààrà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kílò 23, tí a bá yí i padà sí gáàsì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 360. Kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n ẹ fi 273 sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 99 kábọ́nì dáyọ́ksáìdì. Kábọ́nì tó wà nínú yúríà fúnra rẹ̀ tún ń tú jáde bó bá ti yòrò, nǹkan bíi kílò 37. Mi ò tíì ka gáàsì ilẹ̀ tí wọ́n lò láti ṣe yúríà ọ̀hún ní ilé iṣẹ́ bíi ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tàbí ti Indorama ní Ẹlẹ́mẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti fẹ́ sọ pé kí a má lo fẹtiláísà mọ́. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ń sọ ọ́ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò mọ ohun tó ń ṣe wá. Ní ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé nígbà tó bá máa fi di 2015, oúnjẹ irúgbìn tí a ń kó sí hẹ́kítà kan yóò tó kílò 50. Ọdún 2015 dé, ó kọjá, a kò débẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, àpọ̀jù ni ìṣòro wọn. Tiwa ni pé ebi ń pa ilẹ̀, díẹ̀ tí a sì rí fún un, a ń jẹ́ kó ṣòfò.

Ilẹ̀ tí ebi ń pa ni ó ń lé àgbẹ̀ wọnú igbó. Ẹni tí oko rẹ̀ ò so mọ́ á wá igi gé sí ọ̀nà Ìdànrè tàbí nínú igbó ọba Àkúrẹ́-Òfòsù, torí ilẹ̀ igbó ṣì ní oúnjẹ nínú. Hẹ́kítà kan igbó tó dàgbà dáadáa, tí a bá gé e tí a sun ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù kábọ́nì dáyọ́ksáìdì ló ń tú jáde. Èyí tó ń jáde láti inú ẹgbẹ̀rún kan àpò yúríà lóko kò tó o. Àwọn oníbàárà wa ní Yúróòpù náà ti gbọ́: òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ní àwọn kò gba kòkó tó wá láti oko tí wọ́n pa igbó dá lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹnu ọ̀nà wa ni òfin yẹn dúró sí.

Ó yá, kòkó. Tọ́ọ̀nù kan hóró kòkó gbígbẹ ń kó bíi kílò 20 náítírójìn kúrò nínú oko, pẹ̀lú kílò mẹ́rin fọ́sífọ́rọ̀sì àti kílò mẹ́wàá potásíọ̀mù, tí àwọn náà jẹ́ oúnjẹ irúgbìn. Bí èèpo kòkó náà bá bá a jáde, potásíọ̀mù tó ń lọ á ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: inú èèpo tí a ń dà nù ni ọ̀pọ̀ potásíọ̀mù wà. Ibo là ń dà á sí? Ibi tí a ti ń fọ́ kòkó. Òkìtì á ga dé àyà, òjò á máa rọ̀ sí i. Ẹ ti igi bọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ fà á yọ: ó gbóná, ó dúdú, ó ń rùn. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, mítéènì, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, àti náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi náà ń rí ibẹ̀ fi ṣe ilé. Ìdí igi tí oúnjẹ yẹn yẹ kó padà sí kò sì rí nǹkankan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò la owó lọ. Ẹ gé èèpo náà wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé gbígbẹ, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí òjò má ṣàn án, kí ẹ sì máa yí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Bó bá ti tutù, tí kò rùn mọ́, tó ń rún lọ́wọ́ bí ilẹ̀ igbó, ẹ kó o lọ sí ìdí kòkó. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, orí òkúta ló ti ṣẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ kò lágbára láti di oúnjẹ mú. Irú ajílẹ̀ jíjẹrà báyìí ni ó ń bá a dì í mú. Ẹni tó bá kó fẹtiláísà sórí ilẹ̀ tí kò ní in, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Ní ti dídára irè, àwọn ìyá tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba máa ń ní iṣu fẹtiláísà kì í pẹ́ kó tó rà, iyán rẹ̀ a sì máa ṣomi. Àwọn onímọ̀ kan máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Iṣu tó bá jẹ náítírójìn nìkan á máa ta ewé, kò ní tètè gbó, a ó sì wà á tòun ti omi nínú nítorí owó iṣu tuntun. Potásíọ̀mù ló ń ran ewé lọ́wọ́ láti kó oúnjẹ tó ṣe lọ sísàlẹ̀, kó di iṣu tó le. Torí náà, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yẹn ní ìdí, àmọ́ oúnjẹ tí kò dọ́gba ni ẹ̀bi rẹ̀. Tòmátò tí ìdí rẹ̀ ń dúdú tó ń rà lórí igi náà, kálísíọ̀mù ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, àìdéédéé omi sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má sáré lọ ra oògùn kòkòrò sí i.

Fún àgbàdo, ẹ má da yúríà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní NPK, fẹtiláísà tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ̀sì àti potásíọ̀mù, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí yúríà tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, nígbà tí ebi ń pa á gidi. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìka mẹ́rin sí i, ẹ sọ ọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ẹ̀yìn á dùn yín. Ṣùgbọ́n bíbò tí ẹ bò ó yẹn ni kò ní jẹ́ kó rùn.

Bàbá kan láti Ìta-Ògbólú bi mí pé: “Tíṣà, ìgbẹ́ adìyẹ là ń lò ní tiwa, a kì í ra fẹtiláísà. Ṣé ọ̀rọ̀ yín kàn wá?” Ó kàn yín, Bàbá. Náítírójìn ni náítírójìn, kòkòrò inú ilẹ̀ kì í béèrè ibi tó ti wá. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí ẹ dà sẹ́yìn ilé adìyẹ, tí òjò ń pa, ń sọ oúnjẹ nù ju àpò yúríà tí wọ́n tọ́jú lọ. Ẹ bò ó. Bí ẹ bá sì fẹ́ po lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀mìlì mọ́ ọn, kí ó má pọ̀ jù, torí bó bá ń jẹrà, òun náà á máa fa náítírójìn mọ́ra.

Ìyá kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ló bi mí ní ìbéèrè kejì: òun máa ń sun èèpo kòkó di eérú, àṣẹ́kù rẹ̀ lòun ń dà sóko, ṣé ó dára? Mo ní ó dára, Mà, potásíọ̀mù díẹ̀ ṣì lè wà nínú eérú náà, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Èéfín ni ó gbé náítírójìn ti inú èèpo lọ, ìyẹn kò ṣeé gbà padà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yẹra fún: ẹ má po eérú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yúríà nínú bàsíà kan náà, nítorí eérú ló máa ń lé amóníà jáde kúrò nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ da eérú, ẹ ro ó mọ́lẹ̀, kí òjò bíi mélòó kan rọ̀ sí i, kí ẹ tó gbé ìgbẹ́ adìyẹ wá.