Òkèlè Kì Í Já Bọ́, Títì Ni Ara Ń Tì Í

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa. Inú búkà kan ní Bódìjà la wà yìí. Aago méjì ti kọjá díẹ̀, àbùlà ló wà níwájú mi: àmàlà dúdú, gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata lórí rẹ̀, pẹ̀lú ṣàkì kan àti àbọ̀dí kan. Ẹ má bínú pé mò ń jẹun lójú yín, iṣẹ́ ni. Òkèlè tí mo fẹ́ gé yìí la máa tẹ̀ lé láti ẹnu títí dé ibi tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ wò ó. Mo gé e, mo fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀ kí ó lè gbé ọbẹ̀, mo jù ú sẹ́nu... ó ti lọ. Eyín mi ò kàn án. Ta ló ń rún àmàlà? Bẹ́ẹ̀, nínú itọ́ ẹnu wa ni oje kan wà tó máa ń sọ oúnjẹ bí iṣu àti búrẹ́dì di ṣúgà. Ẹ rún búrẹ́dì lásán títí, ẹ ó rí i pé adùn rẹ̀ á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Àmàlà ò dúró gba ìyẹn. Kò sí wàhálà, wọ́n ń dúró dè é níwájú. Ṣàkì yìí ni kí ẹ má gbé mì odidi, ẹ jọ̀ọ́.

Ní ọ̀fun, ọ̀nà méjì ló pàdé: ti èémí àti ti oúnjẹ. Bí a bá ti fẹ́ gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan á bo ọ̀nà èémí, a ò sì ní mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ó ń wá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọbẹ̀ ata pá mi lórí nítorí àwàdà tí kò tiẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Omijé ń bọ́, gbogbo búkà ń gbá mi lẹ́yìn.

Láti ọ̀fun dé inú, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kò tó rúlà ọmọ iléèwé. Ọ̀pọ̀ rò pé òkèlè kàn ń já bọ́ gba ibẹ̀ ni, bí òkúta tí a jù sínú kànga. Rárá o. Ṣé ẹ ti rí ìyá tó ń fọ ìfun ẹran? Á fi ìka méjì fún un, á máa wọ́ ọ lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa sá níwájú ìka. Bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn: ó ń fún pọ̀ lẹ́yìn òkèlè, ó ń sinmi níwájú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti dé ìsàlẹ̀. Kódà bí ẹ bá dorí kodò, òkèlè á ṣì gòkè lọ bá àpòlúkù.

Àpòlúkù màlúù ní yàrá mẹ́rin, ibẹ̀ ni ṣàkì ti ń wá. Tiwa ò ní ju ẹyọ kan. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ìbọn ló bá wa ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Lọ́dún 1822, ní Mackinac Island ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì ba ọmọ Kánádà kan, Alexis St. Martin. Ó yè é, ṣùgbọ́n ihò kan kù lára rẹ̀ tó wọlé tààrà sí àpòlúkù. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, William Beaumont, wá ń so ẹran àti búrẹ́dì mọ́ òwú sílíkì, ó ń jù ú síhò náà, ó sì ń fà á jáde wò. Ó tún bu oje inú rẹ̀ sínú ìgò, ó fi ẹran sí i, ẹran náà sì yòrò níta ara. Oje yẹn kan gan-an. Òun àti pípò tí àpòlúkù ń po oúnjẹ ló ń sọ ọ́ di bí ògì.

Ẹnubodè ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ògì yìí ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, fún wákàtí méjì sí mẹ́rin, ohun tó bá lọ́ràá á sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹran ọlọ́ràá fi máa ń dúró nínú yín.

Ìfun kékeré ló kàn. Kékeré ní fífẹ̀ ni o! Gígùn rẹ̀ tó mítà 6. Yáàdì márùn-ún tí ẹ ń rà ní Gbági ò tó o. Ibẹ̀ ni òrónro ti ń wọlé, omi kíkorò tí alápatà kì í fẹ́ kó bẹ́ sára ẹran. Ó ń ṣe sí epo bí ọṣẹ ṣe ń ṣe sí abọ́ ọlọ́ràá. Oje mìíràn ń wá láti ara ẹ̀yà kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, pancreas ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pa kíkan oje àpòlúkù, òun náà ló sì ń dúró de àmàlà tí a ò rún. Ibí yìí gan-an ni àmàlà ti ń di ṣúgà. Ògiri ìfun náà rí wúruwùru bíi táwẹ́ẹ̀lì, àwọn irun kéékèèké yẹn ló ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù á bọ́ sínú ìfun ńlá, bíi mítà kan ààbọ̀. Omi ni wọ́n ń fà kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀. Gbẹ̀gìrì náà ń ṣe tiẹ̀: ẹ̀wà ní irú ṣúgà kan tí ara wa ò lè gé, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ sì ni èrè tí wọ́n ń san fún wa. Ẹ mọ ibi tó ń gbà jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ tí ẹ sì sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ẹ ń ṣẹjọ́ pé àkàrà yẹn ò dúró nínú yín: àkàrà kọ́. Bí oúnjẹ bá ti wọ àpòlúkù, ara á ránṣẹ́ sí ìfun ńlá pé kó tì í síwájú, àlejò ń bọ̀. Ohun tẹ́ ẹ jẹ lánàá tàbí níjẹta ló jáde yẹn. Àkàrà ṣì wà lókè, ó ń yí po.