Marston's ti Burton: Láti Ìkòkò Ọtí Dé Orí Ilé

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ omi bẹ̀rẹ̀. Omi kànga Burton upon Trent, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gba inú òkúta jípúsọ́mù kọjá. Ohun tó bá wá nínú omi náà ló ń jẹ́ kí bíà mọ́ kedere, kí ìkorò òdòdó họ́ọ̀pù sì mú lẹ́nu. Àwọn apọntí ìlú mìíràn a máa bu jípúsọ́mù sínú omi tiwọn kó lè jọ ti Burton.

Horninglow, létí Burton, ni John Marston ti bẹ̀rẹ̀ ìpọntí ní 1834. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti Thompson, apọntí mìíràn, wọ́n sì kó lọ sí Shobnall Road. Ti Evershed dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1905.

Burton union ni iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi lókìkí. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọtí hó fún nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀ sí méjì nínú ọpọ́n ńlá tí kò ní ìdérí, kí wọ́n tó tú u sínú àgbá igi óókù tí wọ́n tò ní ìlà. Páìpù kan tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ yọ lórí àgbá kọ̀ọ̀kan. Ìwúkàrà á máa ru gba inú páìpù yìí, bí ẹmu tuntun ṣe ń ru lẹ́nu kèǹgbè, á sì dà sínú ọpọ́n gígùn lókè. Ìwúkàrà á dúró níbẹ̀, ọtí á ṣàn padà sínú àgbá. Bí ọtí ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí ìwúkàrà tó lágbára fún ìpọntí tó kàn.

Ìnira rẹ̀ wà nínú igi. Bó bá gbẹ, á là, á máa jò. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dénú, kòkòrò tó ń mú ọtí kan á sá pamọ́ síbẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa san owó fún ẹni tó mọ àgbá kàn. Bass, apọntí aládùúgbò wọn, pa tirẹ̀ tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Marston's ò fi tiẹ̀ sílẹ̀, nítorí Pedigree, bíà wọn tí wọ́n ti ń pọn láti 1952.

Ọtí nìkan kọ́ ni òwò náà o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ rí, apọntí ló sábà máa ń ni ilé ọtí. Ẹni tó bá háyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra bíà lọ́wọ́ onílé. Ní 1989, ìjọba pàṣẹ pé kí apọntí tó bá ní ju ilé 2,000 lọ tú ìdajì èyí tó lé sílẹ̀. Àwọn tí kì í pọntí rárá ló wá rà wọ́n jọ.

Wolverhampton & Dudley, apọntí mìíràn, ra Marston's ní 1999; ní 2007, ẹni tó rà á ló wá sọ ara rẹ̀ ní Marston's. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbá ti bà jẹ́: báǹkì á yáni lówó lórí ilé, kò ní yáni lórí àgbá igi. Ní 2020, wọ́n kó ìpọntí sínú ilé-iṣẹ́ àjọni pẹ̀lú Carlsberg, apọntí ilẹ̀ Denmark, wọ́n di ìpín 40% mú. Ní 2024, wọ́n ta ìpín yẹn fún Carlsberg ní £206 mílíọ̀nù láti fi dín gbèsè kù. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ àjọni ọ̀hún pa àgbá union tì. Thornbridge, apọntí kan ní Derbyshire, gba ọ̀wọ́ àgbá kan nínú wọn, ó sì ń fi pọntí. Marston's fúnra rẹ̀ ṣì ní ilé ọtí tó lé ní 1,300, bíà tí ẹlòmíì pọn ló sì ń tà níbẹ̀.