Ohun Tí Ìwé Ẹ̀rí Ò Lè Bá Yín Sọ

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Máàkì rẹ̀ dára, gbogbo ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ tó kọ́ ló dáhùn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá bi í pé: "Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò wọ̀? Kí lo ṣe sí i?" Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́." Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tójú rẹ̀ rí ni wọ́n ń bi í.

Ohun tí wọ́n ń wá yẹn ni wọ́n ń pè ní soft skills: ká mọ ọ̀rọ̀ sọ, ká gbọ́ tẹni ẹlẹ́ni, ká gba àtúnṣe láìbínú. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lo orúkọ náà ní 1972, fún ìmọ̀ iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀rọ. Lójú tèmi, òun ló le jù, nítorí kò síwèé tí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sí.

Ní 2017, David Deming, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Harvard, fi hàn pé láàárín 1980 sí 2012, nínú 100 òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn tíṣẹ́ wọn gba ìbáṣepọ̀ gan-an fi bí 12 pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ àṣetúnṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíì.

Níbo lẹ ti fẹ́ kọ́ ọ? Nínú iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kẹ́ ẹ jọ ṣe. Ẹ̀yin mẹ́rin ni, ẹnì kan ò dáhùn mọ́. Ọ̀pọ̀ á ṣe tirẹ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n á wá máa ráhùn kiri. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é: "Mi ò tíì rí apá tìẹ. Ṣé nǹkan ń dí ẹ lọ́wọ́? Ọjọ́rú la fẹ́ kó o jọ. Èwo lo lè parí ṣáájú ìgbà yẹn?" Ẹ ò bú u, ẹ ò sì gbé iṣẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ, ibi tó parí sí, títí kan ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í. Tí irú rẹ̀ bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé yín kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ máa sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín.