Àgádágodo Orí Wikipedia: Ta Ni Wọ́n Ń Tilẹ̀kùn Mọ́?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ojúewé Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo ṣí síwájú yín yìí. Ẹ wo òkè lápá ọ̀tún. Ṣé ẹ rí àgádágodo kékeré aláwọ̀ fàdákà yẹn? Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè tún nǹkan kan ṣe níbí. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí náà kò tíì lè ṣe é. Àkáǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 4, kó sì ti ṣe àtúnṣe 10 láwọn ojúewé mìíràn ná.

Ẹnì kan á ní: ṣebí gbogbo ayé ni wọ́n ní ó ni Wikipedia? Òótọ́ ni. Látìgbà tí Jimmy Wales àti Larry Sanger ti dá a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, ẹni tó bá rí àṣìṣe ń tún un ṣe, kò sí ẹni tó ń bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tó sọ ọ́ di ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni rere ṣí fún ẹni ibi náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ wọ ojúewé John Seigenthaler lọ. Àgbà oníròyìn ni Seigenthaler ní Amẹ́ríkà, ó sì ti bá olóṣèlú Robert Kennedy ṣiṣẹ́ rí. Ẹni yìí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé Seigenthaler lọ́wọ́ nínú ikú Robert àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ààrẹ John Kennedy. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀rẹ́ Robert ni bàbá yìí, wọ́n tiẹ̀ yàn án mọ́ àwọn agbépósí níbi ìsìnkú rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà fi wà níbẹ̀, àwọn ìkànnì mìíràn sì ti dà á kọ. Ẹni ọdún 78 ni Seigenthaler nígbà tó fẹjọ́ náà sun aráyé nínú ìwé ìròyìn USA Today ní ìparí oṣù kọkànlá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀. Orúkọ rere tí èèyàn fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́, ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló fẹ́ bà á jẹ́.

Nínú oṣù kejìlá ọdún náà, Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá ojúewé tuntun sílẹ̀ mọ́. Inú oṣù yẹn kan náà ni irú ìtìlẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ fi hàn yín yìí bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá ti ojúewé, àwọn alámòójútó, ìyẹn àwọn olùtúnṣe tí wọ́n fún láṣẹ àkànṣe, nìkan ló lè tún un ṣe.

Ẹ má fojú kékeré wo ọjọ́ 4 yẹn o. Ẹni tó fẹ́ kọ èébú sí ojúewé olóṣèlú, inú ló ń bí i lọ́wọ́lọ́wọ́. Kò ní sùúrù ọjọ́ 4, kò sì ní torí èébú ẹyọ kan lọ ṣe àtúnṣe 10. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ gidi á ti ṣe 10 kọjá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò sí ohun méjì ju kí wọ́n tì í lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2006, Stephen Colbert, apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n, ní kí àwọn tó ń wo òun lọ kọ ọ́ sí Wikipedia pé erin ilẹ̀ Áfíríkà ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n ya bo ojúewé erin. Àwọn alámòójútó tì í.

Àgádágodo tó le jù èyí náà wà. Aláwọ̀ búlúù ń fẹ́ ọjọ́ 30 àti àtúnṣe 500, irú èyí tó wà lórí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palẹsínì. Aláwọ̀ wúrà, alámòójútó nìkan ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí irọ́ Seigenthaler bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí àgádágodo má sí lórí ojúewé rẹ̀. Wikipedia kì í ti ojúewé sílẹ̀ de ọ̀tá tí kò tíì dé. Ìgbà tí ìbàjẹ́ bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra ni wọ́n ń tì í, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ẹni yẹn kọ̀wé. Ojú tó ń ṣọ́ ojúewé náà ni kò sí.

Ṣé kí wọ́n wá ti gbogbo rẹ̀ ni? Wikipedia èdè Potogí ti ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, láti ọdún 2020. Fún Wikipedia Yorùbá, èmi ò ní fọwọ́ sí i. Ojúewé ibẹ̀ ju 30,000 lọ, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó ń kọjá lọ, tó rí i pé wọ́n ṣi àmì ohùn fi sórí orúkọ ìlú rẹ̀, tó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ojú ni ká fi kún un. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ ṣí ojúewé ìlú yín tàbí iléèwé yín, kí ẹ tẹ ìràwọ̀ tó wà lókè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan padà níbẹ̀, ẹ ó rí i nínú àkójọ àwọn ojúewé tí ẹ ń ṣọ́. Ẹ tẹ ìtàn ojúewé náà, ẹ ó rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹ sì lè dá a padà.

Bí ẹ bá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀ (Talk) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn tí kò tọ́ síbẹ̀, ẹ kọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ sì sọ ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí ẹ ti rí i. Ẹni tó láṣẹ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi sí i fún yín.